Pọ́ìntì kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ jẹ́: Ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ lathe mọ̀ nípa ẹ̀rọ CNC

Ká ní ọmọ iṣẹ́ kan dúró níwájú ẹ̀rọ CNC láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó gé ṣáàfù mẹ́wàá fún oníbàárà kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ó tẹ ètò iṣẹ́ náà sínú ẹ̀rọ, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Ọ̀bẹ gé irin náà lọ geere, inú ọmọ náà dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kí ọ̀bẹ fà sẹ́yìn, ńṣe ló ki orí bọ inú irin tó ń yí. Gbàmù! Ọ̀bẹ fọ́, ṣáàfù tẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́, àláámù pupa bo ojú kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí wọ́n yẹ ètò náà wò, "X52" ni ọmọ náà kọ. Ohun tó yẹ kó kọ ni "X52." tó ní pọ́ìntì nídìí.

Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CNC, tí wọn ò bá fi pọ́ìntì sí i, 52 kì í ṣe mìlímítà méjìléláàádọ́ta mọ́. Ẹ̀rọ á kà á sí 0.052 mìlímítà, ìyẹn ẹ̀bá àárín gbùngbùn irin náà. Ẹ̀rọ ò ṣẹ̀ o. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

Irú nǹkan báyìí kì í ṣe tuntun sétí ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ yìí. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ Yorùbá, lathe ọlọ́wọ́ ni àwọn ọ̀gá fi kọ́ṣẹ́, òun náà ni wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ní báyìí tí àwọn mìíràn ti ń ra CNC, yálà tuntun tàbí tòkunbọ̀, ó yẹ kí èèyàn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Owó ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀mí náà sì ń bẹ níbẹ̀.

Kí ni CNC gan-an?

Lathe ni ẹ̀rọ tó ń mú irin yí, tí ọ̀bẹ á wá lọ bá irin náà láti gé e. Òun ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀ṣì, píìnì, ṣáàfù àti oríṣiríṣi nǹkan roboto tó wà lára ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta. Lórí lathe ọlọ́wọ́, oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ọ̀bẹ lọ síwá-sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ń wò, etí rẹ̀ ń gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń mọ̀ ọ́n lára tí irin bá le jù.

Lórí CNC, mọ́tò ló ń gbé ọ̀bẹ, kọ̀ǹpútà ló sì ń darí mọ́tò. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún Computer Numerical Control, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ń fi nọ́ńbà darí ẹ̀rọ. Ohun tí oníṣẹ́ bá kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé, láti orí irin àkọ́kọ́ dé orí ọgọ́rùn-ún.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ díẹ̀. John Parsons, ará Amẹ́ríkà kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, àti Frank Stulen tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣe abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikópítà kó péye. Iléeṣẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ fún Parsons lọ́dún 1949. Nígbà tó di ọdún 1952, ilé ẹ̀kọ́ MIT fi ẹ̀rọ kan tí nọ́ńbà ń darí han aráyé. Tápù tí wọ́n lu ihò sí lára ni ẹ̀rọ náà ń kà nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà wọ inú ọ̀rọ̀. Lónìí, Fanuc ti Japan, Siemens ti Jámánì àti Haas ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn orúkọ tí ẹ máa rí lójú ẹ̀rọ.

Èdè tí ẹ̀rọ ń gbọ́

Ìlà méjì ni ọ̀bẹ ń tọ̀ lórí lathe CNC tó wọ́pọ̀. Z ni ìlà tó bá gígùn irin lọ. X ni èyí tó dábùú rẹ̀, tó ń wọlé sára irin, tó sì ń jáde.

Ojú irin ni wọ́n sábà máa ń pè ní Z0. Tí ọ̀bẹ bá ti kọjá ojú irin, tó ń lọ síbi chuck, ìyẹn ẹnu tó di irin mú, Z á ní àmì ìyọkúrò. Z-30. túmọ̀ sí pé ọ̀bẹ ti wọlé ní ọgbọ̀n mìlímítà. X ní tirẹ̀, dáyámítà ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́, bí irin náà ṣe fẹ̀ tó láti etí kan dé ìkejì. X46. túmọ̀ sí pé kí irin jáde ní mìlímítà 46.

Ẹ wo ètò kékeré yìí. Irin tó fẹ̀ ní mìlímítà 50 ni wọ́n fẹ́ gé sí 46, ní gígùn 30:

O0001
G21 G40 G99
T0101
G50 S2000
G96 S150 M03
G00 X46. Z2. M08
G01 Z-30. F0.2
G00 X52.
G00 X150. Z100. M09
M30

O0001 ni orúkọ ètò náà. G21 ń sọ fún ẹ̀rọ pé mìlímítà ni, kì í ṣe ínṣì. G99 ní kí ẹ̀rọ fi ìyípo kọ̀ọ̀kan wọn ìrìn ọ̀bẹ. T0101 ń pe ọ̀bẹ kìíní. Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn ń tọ́ka sí ojú ìwé ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n ọ̀bẹ náà sí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní offset. M03 ní kí irin bẹ̀rẹ̀ sí í yí. M08 ní kí omi ìtutù máa dà, M09 ní kó dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ wá kù sórí G00 àti G01. G00 túmọ̀ sí "sáré lọ": ẹ̀rọ ò gé nǹkan kan, ó kàn ń fò lọ síbi tí wọ́n rán an ni. G01 túmọ̀ sí "máa gé lọ", F0.2 sì ń sọ pé kí ọ̀bẹ sún ní 0.2 mìlímítà nígbàkúùgbà tí irin bá yípo lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá kọ G00 síbi tó yẹ kó kọ G01 ti rán ọ̀bẹ níṣẹ́ ikú. Ìlà "G00 X52." yẹn náà ni ọmọ iṣẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gbàgbé pọ́ìntì sí.

Gbogbo ẹ̀rọ kọ́ ló ń sọ èdè kan náà dé ìdí. Ohun tí Fanuc ń pè ní G50, àwọn mìíràn ń pè é ní G92. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ pọ́ìntì: wọ́n ti ṣètò àwọn ẹ̀rọ kan kí wọ́n ka 52 sí 52 gan-an. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni kí ẹ gbára lé, ẹ má gbára lé ohun tí ẹ rí lórí ẹ̀rọ ẹlòmíì. Ní tòótọ́, ẹni tó bá ń fi pọ́ìntì sí i nígbà gbogbo kò ní kábàámọ̀ lórí ẹ̀rọ kankan.

Ìlà kan tó lè gba ẹ̀mí là

Nínú ètò òkè yìí, ìlà kan wà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fò nítorí pé ó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan: G50 S2000.

G96 S150 ní kí ojú irin máa kọjá lẹ́nu ọ̀bẹ ní mítà 150 ní ìṣẹ́jú kan, láìka bí irin ṣe tóbi tó sí. Kí ìyẹn tó lè rí bẹ́ẹ̀, bí ọ̀bẹ ṣe ń sún mọ́ àárín, irin gbọ́dọ̀ máa yí kánkán sí i. Tí dáyámítà bá jẹ́ 50, irin á máa yí nǹkan bí 955 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá kù sí 10, ó ti di 4,775. Tó bá kù sí mìlímítà kan péré, ìṣirò á fò kọjá 47,000. Tí ọ̀bẹ bá wá dé àárín gan-an, bí ìgbà tí wọ́n ń fá ojú irin, kò sí nọ́ńbà tó máa tó. Ẹ̀rọ á kàn sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Bí chuck bá ṣe ń yí kánkán tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó fi di irin mú ṣe ń dín kù. Irin tó wúwo tàbí tí kò rí bákan náà yí ká lè já gbà, kó fò jáde. G50 S2000 ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé, "Ohun yòówù kí ìṣirò sọ, o ò gbọ́dọ̀ kọjá 2000."

Ewu kejì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ọ̀pá irin gígùn tí wọ́n ki gba inú ẹ̀rọ, tí ìdí rẹ̀ yọ jáde lẹ́yìn láìsí ohun tó dì í mú, lè tẹ̀ lójijì tí ìyípo bá yára. Á wá máa nà gbogbo nǹkan tó bá wà nítòsí bí ẹgba. Ẹ gé irin náà kó kúrú, tàbí kí ẹ fi páìpù tó lágbára gbà á mú. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìwà kan tó yẹ ká jáwọ́ níbẹ̀: kí èèyàn dè tàbí kó já wáyà ilẹ̀kùn kí ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ ní ṣíṣí. Ọ̀gá tó ṣe é nítorí kí iṣẹ́ lè yá ti fi iná sórí òrùlé sùn. Aṣọ tó ní apá gbọ̀ọ̀rọ̀, ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀gbà ọrùn kò yẹ níwájú irin tó ń yí. Èérún irin kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ kó. Ìwọ́ ni kí wọ́n fi fà á, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dúró.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í gbẹ́kẹ̀ lé ètò tuntun kankan, kódà kó jẹ́ àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dán an wò rèé:

Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á ka ètò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á máa wá pọ́ìntì àti àmì ìyọkúrò. Tí ẹ̀rọ bá lè ya àwòrán ọ̀nà tí ọ̀bẹ máa gbà, wọ́n á wò ó.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á sún Z0 kúrò lójú irin, bíi 100 mìlímítà sí ìta, kí ọ̀bẹ lè máa gé afẹ́fẹ́. Ohun tó bá ṣe níta ló máa ṣe lára irin.

Nígbà tó bá wá kan irin gan-an, wọ́n á da Z0 padà sáyè rẹ̀, wọ́n á tẹ single block kí ẹ̀rọ lè máa ṣe ìlà kọ̀ọ̀kan kó sì dúró. Wọ́n á dín ìsáré G00 kù sí ìdá mẹ́rin tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀. Ojú wọn á wà lára nọ́ńbà tó ń sọ iye ìrìn tó kù fún ọ̀bẹ. Tí ojú bá rí i pé mìlímítà márùn-ún ló kù kí ọ̀bẹ kan irin, tí kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé 40 ló kù, ìjàm̀bá ti ń bọ̀ nìyẹn. Ìka gbọ́dọ̀ ti wà lórí feed hold, bọ́tìnnì tó ń dá ọ̀bẹ dúró.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo èyí lè gbà. Ẹ fi wé iye ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù lè fi jókòó láìṣiṣẹ́ tí ibi tó ń mú irin yí bá bàjẹ́.

Tí iṣẹ́ ò bá jáde bó ṣe yẹ

Kì í ṣe gbogbo ìṣòro ló ń pariwo. Àwọn kan á kàn jẹ́ kí oníbàárà dá iṣẹ́ padà ni.

Irin sanra jù tàbí ó tín-ín-rín jù. Ká ní 46.06 ni irin wọ̀n dípò 46.00. Ètò ò ní àléébù, ẹnu ọ̀bẹ ló ti jẹ díẹ̀. Wọ́n á wọ offset, wọ́n á kọ -0.06 sí X ọ̀bẹ náà. Ẹni tó bá ṣèèṣì kọ 0.06 láìsí àmì ìyọkúrò, 46.12 ló máa bá nígbà tó bá tún gé e. Ẹni tó bá gbàgbé pọ́ìntì níbẹ̀ ti padà sí ìtàn àkọ́kọ́ nìyẹn.

Irin sanra lápá kan ju ìkejì lọ. Tó bá jẹ́ apá tó jìnnà sí chuck ló sanra jù, irin náà ló ń tẹ̀ fún ọ̀bẹ. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ni pé tí gígùn tó yọ síta bá ti ju ìlọ́po mẹ́ta dáyámítà lọ, kí wọ́n ti ìdí rẹ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú tailstock. Tí wọ́n bá ti fi tailstock sí i tí kò sì yí padà, kí wọ́n yẹ tailstock náà wò bóyá ó ti sún kúrò lójú ìlà.

Irin ń pariwo, ara rẹ̀ sì ń rí wúruwùru. Ìgbọ̀npẹ̀pẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n ti ọ̀bẹ wọlé kí ó má yọ gùn jù, kí wọ́n dín ìyípo kù, tàbí kí wọ́n fi kún ìrìn ọ̀bẹ díẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń ya àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé kí nǹkan rọra lọ ló dára jù. Ọ̀bẹ tó kàn ń ra irin lára láìgé e náà máa ń gbọ̀n.

Kókó kékeré kù láàárín ojú irin lẹ́yìn tí wọ́n fá a. Ẹnu ọ̀bẹ ò sí ní ọ̀gangan àárín. Ó ga jù tàbí ó rẹlẹ̀ jù. Offset ò lè tún ìyẹn ṣe, ọwọ́ ló máa ṣe é.

Ibi tó tọ́ péye, ṣùgbọ́n ibi tó dagun àti ibi tó tẹ̀ kọrọdọ ò péye. Ẹnu ọ̀bẹ kì í mú ṣóṣó bí abẹ́rẹ́, ó máa ń yí bìrìkìtì díẹ̀. G41 àti G42 ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó fi ìyẹn ṣírò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbàgbé rẹ̀, tàbí kí wọ́n má tíì kọ ìwọ̀n ẹnu ọ̀bẹ sínú offset.

Tíréèdì bóòtì ò bára mu. Ọ̀bẹ máa ń gba ojú ọ̀nà kan náà lọ lọ́pọ̀ ìgbà kí tíréèdì tó jinlẹ̀. Tí ìyípo bá ń yí padà láàárín, ojú ọ̀nà náà á yẹ̀. Nítorí náà, G97, tó ń mú ìyípo dúró sójú kan, ni wọ́n ń lò fún tíréèdì, kì í ṣe G96.

Ti àárọ̀ péye, ti ọ̀sán ò péye. Irin máa ń fẹ̀ tí ara rẹ̀ bá gbóná. Irin tó jẹ́ mìlímítà 100, tí ooru rẹ̀ bá fi ogún digirì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á fẹ̀ ní nǹkan bí 0.02 mìlímítà. Fún ṣáàfù tó máa wọ bíárìn, ìyẹn pọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ yí lófo fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí irin tutù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Ìlànà kan ló so gbogbo èyí pọ̀: ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, kódà bí iṣẹ́ bá dára, kò ní mọ èyí tó ṣe é.

Tí àláámù bá dún náà, ẹ má kàn tẹ RESET. Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wò ó nínú ìwé. Àláámù tó ń sọ pé mọ́tò ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ kò ní lọ nítorí pé ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ tó ń bọ̀

Ìṣòro kan wà tí ìwé tí wọ́n kọ ní Japan kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí: iná lọ nígbà tí ọ̀bẹ wà láàárín irin. Tí iná bá dé, ẹni tó bá kàn tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ń wá wàhálà. Kí wọ́n fi ọwọ́ rọra fa ọ̀bẹ kúrò lára irin, kí wọ́n dá ẹ̀rọ padà sílé rẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹnu ọ̀bẹ wò, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ látorí ìlà tó pe ọ̀bẹ náà, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T.

Tí wọ́n bá gbé iná láti NEPA sórí jẹnẹrétọ̀, tí chuck ò sì di irin mú mọ́, tí omi ìtutù náà ò jáde, kí wọ́n má tíì tú ẹ̀rọ palẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wáyà mẹ́ta iná oní-phase mẹ́ta ti wọnú ara wọn, kí mọ́tò tó ń fún epo àti omi lágbára wá máa yí sẹ́yìn. Oníná tó mọṣẹ́ á pa iná, á pààrọ̀ ipò méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó parí.

Èyí tó ń dun ọ̀gá jù ni ti bátìrì. Ẹ̀rọ CNC ní bátìrì kéékèèké tó ń bá a rántí ètò, offset àti ibi tí ọ̀bẹ wà nígbà tí kò bá sí iná. Tí àláámù bátìrì bá yọ, kí wọ́n tètè pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ̀rọ sì wà ní títàn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é lórí Fanuc àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá pa iná kó tó yọ bátìrì lè bá ẹ̀rọ tí kò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ wà lórí memory card, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o.

Ṣé CNC máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà?

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń bi ara wọn nìyí, tí wọn kì í sì í sọ jáde. Wọ́n ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí lathe ọlọ́wọ́, wọn ò sì fẹ́ kí ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà wá máa kọ́ wọn níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ padà wo àwọn ìṣòro tí a kà sílẹ̀. Ẹni tó ń mọ̀ pé irin ń gbọ̀n kó tó rí i lójú, ẹni tó ń fi àwọ̀ èérún irin mọ̀ pé ooru ti pọ̀ jù, ẹni tó mọ̀ pé ọ̀pá yìí gùn ju ohun tí chuck lè dá gbé lọ, ọ̀gá lathe ọlọ́wọ́ ni. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìkankan níbẹ̀. Ọmọ náà sì lè kọ ètò kó tó pẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì ní etí yẹn.

Ṣọ́ọ̀bù tó máa jèrè CNC ni èyí tí àwọn méjèèjì ti jókòó papọ̀: ọmọ ń ka ìlà, ọ̀gá ń wo ọ̀bẹ. Tí ọmọ bá kọ X52, ọ̀gá á ní, "Pọ́ìntì dà?"